Èdè Japan fún ìrìnàjò ọ̀sẹ̀ méjì: ohun tí ẹ máa kọ́ kí ẹ tó gbéra, àti bí ẹ ṣe máa lò ó lọ́hùn-ún

Ẹni tó ń lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Japan kò lè kọ́ èdè náà tán, kò sì sẹ́ni tó ní kó kọ́ ọ tán. Kánjì nìkan, ìyẹn àwọn lẹ́tà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìtumọ̀ tirẹ̀, 2,136 ni ìjọba ibẹ̀ tò sílẹ̀ fún ìlò ojoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ọmọ ibẹ̀ fúnra wọn fi ń kọ́ wọn nílé ìwé. Iṣẹ́ tiyín kéré síyẹn: lẹ́tà 92, kánjì bí ogún, iye owó, gbólóhùn bí ọgbọ̀n, àti etí tó yá. Ní ti etí, ọmọ Yorùbá ti wà níwájú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi oṣù mẹ́ta múra, ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ẹni tó bá kó gbogbo ẹ̀ jọ di ọjọ́ Sátidé á ti gbàgbé ìdajì kí Sátidé mìíràn tó dé.

Lẹ́tà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi ABD kọ gbólóhùn Japan sínú ìwé, tí wọ́n á máa kà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nìyẹn ti dùn. Tí wọ́n bá dé iwájú ilé oúnjẹ lọ́hùn-ún, tí wọn ò rí ABD kankan lára ògiri, ojú á wá là.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí hiragana. 46 ni wọ́n, ìsílébù kan sì ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún: ka, ki, ku, ke, ko. Èyí ò ṣàjèjì sí wa, torí kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ́lì kan ni Yorùbá náà ń tò. Kódà, n aránmúpè tó ń dá dúró wà níbẹ̀. Bí òròǹbó ṣe jẹ́ ò-rò-ǹ-bó, ìsílébù mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ náà ni shinbun, ìwé ìròyìn, ṣe jẹ́ shi-n-bu-n. Elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé n yìí mì, ẹ̀yin ò ní í gbé e mì.

Lẹ́tà márùn-ún lójúmọ́ ló tó. Ẹ ra ìwé ìṣirò tó ní àpótí-àpótí, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nígbà ogún, látòkè wá sísàlẹ̀, látòsì lọ sọ́tùn-ún, bí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe to ìlà rẹ̀. Ẹ má fojú kéré ètò ìlà yìí: tẹ́ ẹ bá ń fìka kọ lẹ́tà tẹ́ ò mọ̀ sójú fóònù kó lè túmọ̀ rẹ̀, ìlà tẹ́ ẹ bá fà ségbèé ló máa ń jẹ́ kó gbé nǹkan mìíràn jáde. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan márùn-ún tòní, ẹ dán ara yín wò lórí tàná àti ti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Anki, áàpù tó ń fi káàdì dán èèyàn wò, á bá yín ka ọjọ́ náà, ọ̀fẹ́ sì ni lórí Android àti kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ bọ́ sí katakana. 46 lòun náà, ìró kan náà ni, ìrísí ló yàtọ̀. Òun ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá. Mẹ́rin ló máa ń da orí èèyàn rú níbẹ̀: シ (shi) àti ツ (tsu), ン (n) àti ソ (so). Ẹ wo ìlà kéékèèké wọn. Nínú シ àti ン, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n tò sí, ìlà gígùn sì gbéra láti ìsàlẹ̀, ó ń lọ sókè. Nínú ツ àti ソ, òkè ni wọ́n tò sí, ìlà gígùn sì ti òkè já wálẹ̀. Ẹ fọwọ́ kọ ọ́ lọ́nà yẹn nígbà ọgbọ̀n, kò ní í dà yín láàmú mọ́.

Àdùn katakana ni pé bá a ṣe ń yá ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe ń yá a. Ahọ́n wọn kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kanra, tiwa náà kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, ni kálukú bá ki fáwẹ́lì bọ̀ ọ́ láàárín. Ohun táwa sọ di gíláàsì, gurasu ni wọ́n sọ ọ́ dà. Tíkẹ́ẹ̀tì, chiketto. Kéèkì, kēki. Bọ́ọ̀lù, bōru. Ẹ ka katakana sókè, ẹ fetí sí ohun tẹ́ ẹ kà, ìtumọ̀ á jáde fúnra ẹ̀. Àmọ́ búrẹ́dì ò sí lára ìyẹn o: pan ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ àwọn Potogí ni wọ́n ti gbà á.

Katakana náà lẹ máa fi kọ orúkọ yín. Orúkọ Yorùbá bá a mu, torí fáwẹ́lì ló máa ń kẹ́yìn èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ wọn ò ní l, wọn ò sì ní gb. Wálé á di Ware, Fọlákẹ́ á di Forake, Gbénga á di Benga tàbí Gubenga. Ẹ yan ọ̀kan, kẹ́ ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kejì.

Ní ti kánjì, ẹ mú àwọn tó máa gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú: 男 (ọkùnrin) àti 女 (obìnrin), lára ilé ìyàgbẹ́ àti ilé ìwẹ̀, 入口 (àbáwọlé) àti 出口 (àbájáde), 駅 (ibùdó reluwé), 円 (yen), 押 (ẹ tì í) àti 引 (ẹ fà á) lára ilẹ̀kùn. 営業中 túmọ̀ sí pé wọ́n ń tajà lọ́wọ́. 準備中 túmọ̀ sí pé wọ́n ṣì ń palẹ̀ mọ́, bí iná tilẹ̀ ń tàn nínú, ẹ má wọlé.

Ẹnu àti etí

Nínú ọ̀rọ̀ Japan, ohùn ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, ó sì lè yí ìtumọ̀ padà. Tá a bá fi àmì ohùn tiwa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Tokyo, háshì ni igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, hàshí ni afárá. Ámè ni òjò, àmé ni súìtì. Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ohùn àárín. Tí ohùn bá sì ti já wálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan, kì í gbéra mọ́ títí ọ̀rọ̀ náà á fi parí. Níbi tí ọmọ Yorùbá ti máa ń ṣì í nìyẹn: ó máa ń fún ìsílébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá máa fò sókè sódò. Ẹ jẹ́ kó já lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Osaka tẹ́ ẹ gbọ́ pé wọ́n dojú háshì àti hàshí dé, etí yín kọ́ ló bàjẹ́. Ẹ̀ka èdè wọn ni.

Ohun tó máa fìyà jẹ yín gan-an ni gígùn. Obasan jẹ́ àǹtí, tàbí obìnrin tọ́jọ́ orí ẹ̀ tó ti àǹtí. Obaasan jẹ́ ìyá àgbà. Tẹ́ ẹ bá fa a yẹn fún obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún, ẹ ti bú u. Biru jẹ́ ilé alájà púpọ̀, biiru jẹ́ bíà. Ẹ pe fáwẹ́lì méjèèjì bẹ́ ẹ ṣe ń pè wọ́n nínú aago. Kọ́ńsónáǹtì náà máa ń di méjì, ìyẹn ò sì sí lédè wa: kite kudasai, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá", kitte kudasai, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ gé e." Ẹ dúró díẹ̀ lórí t yẹn, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún pa á mọ́nú, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìró mẹ́ta. Z kò sí nínú Yorùbá, mizu (omi) sì máa ń di misu lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Misu ní Japan jẹ́ àṣìṣe. Ẹ pe s, kẹ́ ẹ wá mú ọ̀fun gbọ̀n sí i. Chi náà máa ń di ṣi: ichi jẹ́ ení, ishi jẹ́ òkúta. P wọn kì í ṣe p tiwa. Ètè nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yìn ahọ́n ò sí lára ẹ̀. R tiwa nínú ara ti dára tó, ẹ lò ó bó ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá sì rí desu, "des" lẹnu wọn ń sọ. U yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Ìkíni

Ẹni tó bá mọ ẹ kú iṣẹ́ àti ẹ kú àbọ̀ ò ní í pẹ́ lóye ìkíni Japan. Ohayō gozaimasu láàárọ̀, konnichiwa lọ́sàn-án, konbanwa lálẹ́. Ẹni tó ń jáde nílé á ní itte kimasu, ará ilé á dá a lóhùn pé itte rasshai. Tó bá dé, á ní tadaima, wọ́n á ní okaerinasai, bí ẹ káàbọ̀ tiwa gẹ́lẹ́. Otsukaresama desu ló sún mọ́ ẹ kú iṣẹ́ jù lọ, àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tàbí tẹ́ ẹ jọ parí nǹkan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ẹ má fi kí ẹni tó ń gbálẹ̀ lójú títì, á kàn máa wò yín ni.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo wọn pariwo irasshaimase, ẹ̀kọ́ ilé á fẹ́ kẹ́ ẹ dáhùn. Kò gba ìdáhùn. Tẹ́ ẹ bá mi orí díẹ̀, ó ti tó. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ náà ò sí níbẹ̀. Ẹ tẹrí ba látìbàdí, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ojú nílẹ̀.

Anata, tí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ń túmọ̀ sí "ìwọ", ẹ gbàgbé ẹ̀. Orúkọ ẹni náà ni kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ fi san sí i: Tanaka-san. Ó lè kọ́kọ́ ṣòro fún ẹni tí wọ́n tọ́ pé a kì í pe àgbà lórúkọ, àmọ́ orúkọ ìdílé ni Tanaka, san sì ti gbé ọ̀wọ̀ náà. Ohun tó burú ni kẹ́ ẹ fi san sí orúkọ tiyín.

Owó, àti konbini

Ichi, ni, san, yon, go, roku, nana, hachi, kyū, jū. Ọgọ́rùn-ún jẹ́ hyaku, ẹgbẹ̀rún jẹ́ sen. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní orúkọ tirẹ̀, man, òun ni wọ́n sì fi ń ka owó ńlá: 30,000 yen jẹ́ san-man, ìyẹn man mẹ́ta. Àwọn tó yí ìró padà ni kẹ́ ẹ há sórí: 300 sanbyaku, 600 roppyaku, 800 happyaku, 3,000 sanzen, 8,000 hassen.

Konbini ni ṣọ́ọ̀bù kékeré tọ̀sán-tòru tó wà káàkiri ìlú, 7-Eleven, FamilyMart, Lawson. Kò síbi tẹ́ ẹ lè ti fi ẹnu dánrawò tó rọrùn tó o, torí ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi gbogbo èèyàn. Ẹ gbé oúnjẹ síwájú wọn. Atatamemasu ka? "Ṣé ká bá yín gbé e gbóná?" Tẹ́ ẹ bá fẹ́, onegai shimasu. Fukuro wa irimasu ka? "Ṣé ẹ fẹ́ ọ̀rá?" Láti oṣù July 2020 ni wọ́n ti ń tà á, yen díẹ̀ ni. Tẹ́ ò bá fẹ́, daijōbu desu. Wọ́n tún lè béèrè pointo kādo, káàdì àwọn oníbàárà. Daijōbu desu náà ni. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń fi hai, "bẹ́ẹ̀ ni", dáhùn gbogbo ẹ̀, wọ́n á wá ru ọ̀rá mẹ́ta àti sàláàdì gbígbóná jáde.

Ẹ má na owó sí wọn lọ́wọ́. Àwo pẹlẹbẹ kan wà níwájú wọn, inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ohun tí wọ́n bá nà sí yín, ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi gbà á. Wọn kì í nájà ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í sì í gba "ẹ fi mu omi": tẹ́ ẹ bá fi ṣéńjì sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á sáré bá yín lọ́nà láti dá a padà.

Onigiri, ìrẹsì onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ewé òkun dúdú wé, ní nọ́ńbà lára ọ̀rá ẹ̀. Ọ̀rá náà fi ewé pamọ́ kó má kan ìrẹsì títí ẹ ó fi jẹ ẹ́, kó má bàa rọ̀. Ẹ fa 1 láti orí wá sísàlẹ̀ yí ẹ̀yìn ká, kó pín sí méjì. Ẹ di ara rẹ̀ mú, ẹ fa igun 2 síta. Ẹ fa igun 3. Ẹni tó bá ti 3 bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá ni ewé á bá lọ, ìrẹsì á wá wà níhòòhò lọ́wọ́ ẹ̀.

Nílé oúnjẹ

Ọ̀pọ̀ ilé ramen, ìyẹn núdù inú omi ọbẹ̀, ló ní ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Owó lẹ máa kọ́kọ́ fi sí i, lẹ́yìn náà bọ́tìnnì, tíkẹ́ẹ̀tì á já, ẹ tẹ おつり kí ṣéńjì lè jáde. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kí owó tó wọlé, ọ̀pọ̀ wọn ò ní í dáhùn. Bí ẹ ò bá lè ka nǹkan kan, bọ́tìnnì tó wà lókè pátápátá lápá òsì sábà máa ń jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n fi mọ ilé náà. Ẹ kó owó bébà 1,000 dání, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ò gba 10,000, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan ò sì gba owó tuntun tó jáde ní July 2024. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀ pé sumimasen, wọ́n á wá. Tọ́ka sí i: kore o kudasai, "ẹ fún mi lèyí."

Mùsùlùmí àti ẹnikẹ́ni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ fara balẹ̀ síbí. Tonkotsu jẹ́ omi egungun ẹlẹ́dẹ̀. Ramen tí wọ́n fi omi adìyẹ sè náà sábà máa ń ní chāshū lórí, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọtí sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ tí wọ́n fi mirin tàbí sake, ọtí ìrẹsì, sè, kódà nígbà tí kò sí ẹran nínú ẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta yìí, ẹ há wọn sórí: butaniku wa taberaremasen, "mi ò lè jẹ ẹlẹ́dẹ̀", butaniku ga haitte imasu ka, "ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀?", osake ga haitte imasu ka, "ṣé ọtí wà nínú ẹ̀?" Fún ohun tó wà nínú páálí, kánjì méjì lẹ máa wá lára ẹ̀: 豚 (ẹlẹ́dẹ̀) àti 酒 (ọtí). Tí ẹni tẹ́ ẹ bi bá fa ẹnu gùn, tó ní chotto… tó dákẹ́, ó ti sọ pé kò ṣeé ṣe. Ẹ má dúró de "rárá."

Kẹ́ ẹ tó jẹun, itadakimasu. Lẹ́yìn oúnjẹ, gochisōsama deshita. Ẹ sọ ọ́ sí ẹni tó sè é bẹ́ ẹ ṣe ń jáde, inú ẹ̀ á dùn. Fífa ramen wọ ẹnu pẹ̀lú ariwo ò burú. Ohun tó burú ni kẹ́ ẹ gún igi ìjẹun ní òró sínú ìrẹsì, tàbí kẹ́ ẹ fi igi gba ẹran lórí igi ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe ń gbé ìrẹsì síwájú òkú ni ti àkọ́kọ́; bí wọ́n ṣe ń ṣa egungun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun òkú ni ìkejì.

Sentō, ilé ìwẹ̀ àdúgbò

Ohun tó máa ń ba aráàlú míì lẹ́rù jù nìyí, òun sì ló dùn jù. Ní Tokyo, 550 yen ni wọ́n sọ owó àgbàlagbà dà ní August 2024. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ san owó, ẹ wo 男 tàbí 女 lára aṣọ tí wọ́n ta sílẹ̀kùn. Ẹ bọ́ gbogbo aṣọ. Pátá tàbí aṣọ ìlúwẹ̀ ò wọ ibẹ̀. Tówẹ̀lì kékeré nìkan lẹ máa mú wọlé.

Ẹ jókòó lórí àpótí kékeré níwájú omi ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ ṣan gbogbo ìfófòó kúrò. Jíjókòó yẹn pọn dandan: ẹni tó bá dúró wẹ̀, omi ẹ̀ á ta sí ẹnìkejì. Ìgbà tí ara bá mọ́ tán lẹ tó lè wọ adágún omi gbígbóná, torí kì í ṣe ibi ìwẹ̀, ibi ìsinmi ni, gbogbo èèyàn ló sì ń pín omi náà. Tówẹ̀lì ò gbọdọ̀ kan omi, ẹ gbé e sórí. Irun gígùn tàbí ìdì irun, ẹ dì í sókè. Ó máa ń gbóná kọjá ìwọ̀n 40 ti Celsius. Ẹ wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó lẹ́ẹ̀kíní. Kẹ́ ẹ tó padà síbi tẹ́ ẹ bọ́ aṣọ sí, ẹ nu ara gbẹ, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má tutù. Kí ẹni tó fín ara kọ́kọ́ béèrè: tatū wa daijōbu desu ka? Ọ̀pọ̀ ilé onsen, ìyẹn ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná tó ń sun látinú ilẹ̀, ni kì í gbà á.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Àbáwọlé ilé tí ilẹ̀ ẹ̀ relẹ̀, ibẹ̀ ni bàtà ti ń kúrò lẹ́sẹ̀. Sálúbàtà tó wà nílé ìyàgbẹ́, ibẹ̀ ló ń gbé. Lórí ẹní tatami, ìbọ̀sẹ̀ nìkan.

Ní jinja, ojúbọ àwọn kami, ìyẹn àwọn òrìṣà wọn: ẹ fi igbá bu omi sọ́wọ́ òsì, sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì yọ ẹnu, ẹ tún ọwọ́ òsì ṣan. Owó ẹyọ 5 yen ni wọ́n fẹ́ràn, torí go-en, orúkọ ẹ̀, dún bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe àjọṣe rere. Ẹ tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún tẹríba lẹ́ẹ̀kan. Ní tẹ́ńpìlì Búdà, bíi Sensō-ji ní Asakusa, wọn kì í pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀sìn ẹ̀ ò gbà á lè dúró wò, kò sẹ́ni tó máa bi í.

Kẹ́ ẹ tó di ẹrù: kílíṣí àti ẹran gbígbẹ ò gbọdọ̀ wọ Japan láìsí ìwé àyẹ̀wò ìjọba ibi tó ti wá, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú. Iná wọn jẹ́ 100 volt, sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sì gba irin pẹlẹbẹ méjì. Ṣájà fóònù tí wọ́n kọ 100-240V sí lára á ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ra orí rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ gbé wá láti Èkó ò ní í gbóná tó. Páṣípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ wà lára yín nígbà gbogbo, òfin ni.

Nínú reluwé, fóònù ò gbọdọ̀ dún, ẹ má sì gba ìpè níbẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn tó ń gbé èèyàn lọ, òsì ni wọ́n ń dúró sí ní Tokyo, ọ̀tún ní Osaka. Reluwé tó kẹ́yìn máa ń lọ ní nǹkan bí agogo méjìlá òru, owó takisí lẹ́yìn ẹ̀ sì ga. Bi òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń jáde: shūden wa nanji desu ka? Tó bá dá yín lóhùn ní kíákíá, ẹ na fóònù sí i kó tẹ aago náà síbẹ̀.